Ohun Tó Wà Lápò Òkú Kọ́ Ni Orúkọ Òkú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbọ́ kí n dákẹ́. Bí wọ́n bá ti hú kòtò tí wọ́n kó òkú òǹdè ogun sí, tí wọ́n rí káàdì, báàjì, tàbí irin ìdánimọ̀ tí ọmọ ogun ń so mọ́ ọrùn, kíá làwọn èèyàn á ti ní, "Wọ́n ti mọ ẹni náà." Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé nǹkan ìní rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ àwọn òǹdè ogun Pólándì tí ìjọba Sófíẹ̀tì pa ní 1940. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá ó ṣẹlẹ̀. Àṣẹ ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1940 wà, Stalin sì fọwọ́ sí i. Ìjọba Sófíẹ̀tì fúnra wọn jẹ́wọ́ ní 1990, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi náà ru Jámánì láti 1943. Ìwé tí Shelepin, ọ̀gá àgbà KGB, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá inú Sófíẹ̀tì, kọ ní 1959 ka àwọn tí wọ́n pa: 4,421 ní igbó Katyn ní Rọ́ṣíà, 3,820 láti àgọ́ òǹdè Starobelsk, 6,311 láti àgọ́ Ostashkov, àti 7,305 láti àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine àti ìwọ̀-oòrùn Belarus. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 21,857.

Báàjì kan ló dá gbogbo ariwo sílẹ̀. Ní 2011, àwọn awalẹ̀pìtàn Pólándì àti Ukraine ń hú kòtò òkú ní ìlú Volodymyr-Volynskyi, tí à ń pè ní Volodymyr lónìí, ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine. Wọ́n rí báàjì ọlọ́pàá Pólándì kan, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa nọ́ńbà náà, ó já sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kan tó ti wà ní àgọ́ Ostashkov, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kalinin, ìlú tí à ń pè ní Tver lónìí, láti lọ pa ní 1940. Kalinin jìnnà sí Volodymyr-Volynskyi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Lẹ́yìn náà wọ́n tún rí báàjì kejì, ti ọlọ́pàá mìíràn tí òun náà wà nínú ìwé Kalinin. Èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo ọta ìbọn tó wà nínú kòtò yẹn sì jẹ́ èyí tí wọ́n rọ ní Jámánì ní 1941.

Ni àwọn tí kò gbà pé Sófíẹ̀tì ló pa wọ́n bá gbé e. Wọ́n ní bí ọkùnrin yìí bá kú sí Volodymyr lọ́dún 1941, lọ́wọ́ Jámánì, a jẹ́ pé wọn ò pa á ní Kalinin. Bí wọn ò bá sì pa òun, irọ́ ni ìyókù náà.

Ta ló wá sọ pé ọkùnrin náà kú sí Volodymyr? Báàjì ni wọ́n rí. Irin kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó lè gbé e kiri pọ̀. Láti ìgbà tí ọmọ ogun Sófíẹ̀tì ti wọ ìlà-oòrùn Pólándì ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 1939, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni àwọn òǹdè yìí gbà kọjá kí wọ́n tó dé àgọ́. Ẹ̀ṣọ́ lè tú àpò rẹ̀ kó gba báàjì. Ọlọ́pàá náà lè já a dànù fúnra rẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó lè fi sílé fún ará ilé rẹ̀ kó tó lọ, kí ogun sì wá bá ará ilé yẹn níbi tó wà. Ẹlòmíràn lè he é. Kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀rí mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ní tèmi, kí ó ti sọnù tàbí kí wọ́n ti gbà á lọ́nà ló bá ọgbọ́n mu jù.

Ohun kan wà tó wúwo ju báàjì lọ. Tokarev, tó jẹ́ ọ̀gá NKVD, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá inú Sófíẹ̀tì kí KGB tó dé, ní Kalinin nígbà náà, jẹ́rìí ní 1991. Ó ní wọn a mú ọkùnrin kọ̀ọ̀kan wọ yàrá kan, wọn a bi í ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ó lè dá wọn lójú pé ẹni tí wọ́n ń wá ni, wọn a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọn a mú un lọ yìnbọn fún. Àwọn apààyàn gan-an yẹ orúkọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n hú ilẹ̀ ní Mednoye, lẹ́bàá Tver, wọ́n sì rí òkú àwọn ọlọ́pàá Pólándì níbẹ̀. Mi ò sọ pé ìwé kò lè ṣàṣìṣe. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yẹn bọ́ lọ́nà kan tí a ò mọ̀. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló bọ́, kì í ṣe 6,311.

Òfin ogun pàápàá mọ̀ pé nǹkan máa ń kúrò lára òkú. Àdéhùn Geneva ti 1949 ní bí irin ìdánimọ̀ bá jẹ́ onídajì méjì, kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ lára òkú, kí wọ́n sì fi ìdajì kejì ránṣẹ́.

Ojú náà kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Ní oṣù kẹta 2023, fídíò kan jáde níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa òǹdè ọmọ ogun Ukraine kan tí kò mú ohun ìjà dání. Ojú rẹ̀ hàn. Àwọn ọmọ ogun Ukraine kọ́kọ́ dárúkọ ẹnì kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, SBU, sọ pé ẹlòmíràn ni. Ẹ ro ti ìdílé àkọ́kọ́ yẹn wò, tí gbogbo ayé ti bá kẹ́dùn, tí wọ́n tún wá padà sídìí kí wọ́n máa wá ẹni wọn.

Àwọn kan á ní DNA ti parí ìjà. Ó ṣe bẹbẹ ní Bosnia lóòótọ́. Nǹkan bí 8,000 ọkùnrin àti ọmọkùnrin ni wọ́n pa ní Srebrenica ní oṣù keje 1995, wọ́n sì tún fi katakata hú òkú kó lọ síbòmíràn, débi pé egungun ẹnì kan wà nínú kòtò méjì, mẹ́ta. DNA ló jẹ́ kí wọ́n lè dá iye tó sún mọ́ 7,000 mọ̀. Ṣùgbọ́n egungun kì í dárúkọ ara rẹ̀. Àfi kí ìyá, bàbá tàbí ọmọ fúnni ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi wé e. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá méjì ni wọ́n pa pọ̀, tí kò sí èyí tó bímọ nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ òbí wọn á sọ pé ọmọ wọn ni, kò ní sọ èwo ni ẹ̀gbọ́n, èwo ni àbúrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pín àwòrán òkú pẹ̀lú orúkọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bèèrè kí ẹ tó pín in: kí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n? Bó bá jẹ́ ohun ìní rẹ̀ nìkan ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a fi sí òkú tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tó fẹ́ bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lò ó.

Nínú 7,305 tí mo mẹ́nu bà lókè, orúkọ 3,435 ti dé ọwọ́ Pólándì láti Ukraine ní 1994. Ìwé orúkọ 3,870 tó kù, àwọn ti Belarus, kò tíì jáde títí di òní. Ní Bykivnia, lẹ́bàá Kyiv, wọ́n wú òòyà kan jáde nínú ilẹ̀ tí wọ́n họ orúkọ àwọn èèyàn tó wà nínú ìwé Ukraine sí lára. Òòyà kan ṣoṣo ni, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ.