Bí Ìjuwọ́sílẹ̀ Ṣe Wọnú Ṣẹ́ẹ̀sì

Òfin FIDE, àjọ tó ń ṣàkóso ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, kò fa ọ̀rọ̀ gùn lórí ìjuwọ́sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti sọ pé òun gbà, alátakò rẹ̀ ló borí, eré sì parí lójú ẹsẹ̀. Òfin náà kò sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn gbà, ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ojú àti àyà ẹni tó ń ta á. Bí a bá sì wo ẹ̀yìn wò, ìgbà tó yẹ yẹn kò dúró sójú kan rí. Bí wọ́n bá ti yí òfin eré tàbí aago padà, òun náà á ṣí kúrò níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí shatranj, ṣẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n ń ta nílẹ̀ Páṣíà àti láàárín àwọn Lárúbáwá. Kò sí ayaba níbẹ̀. Olùdámọ̀ràn ló jókòó ti ọba, kò sì lè ṣe ju kó gba igun bọ́ sí ojúlé tó kàn án. Ọmọ-ogun tó bá rìn dé òpin pátákó, olùdámọ̀ràn aláìlágbára yẹn náà ló máa dà. Tí wọ́n bá wá fi ọmọ-ogun kan ju èèyàn lọ, kí ló ṣe é? Ọ̀nà ṣì jìn. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa kánjú juwọ́ sílẹ̀ nínú irú eré bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1475, ní Valencia lórílẹ̀-èdè Spéìn, àwọn kan ti ń ta á lọ́nà tuntun: ayaba gba ipò olùdámọ̀ràn, ó sì lè sáré láti ìpẹ̀kun pátákó kan dé ìkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìwé tí Lucena tẹ̀ jáde ní Salamanca ní 1497, òfin àtijọ́ àti òfin tuntun ṣì jọ wà pa pọ̀. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ìjuwọ́sílẹ̀ ti rí ẹsẹ̀ dúró sí. Ọmọ-ogun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lè di ayaba báyìí, ayaba á sì ká ọba mọ́. Ẹni tó mọ eré á ti rí ikú ọba rẹ̀ látòkèèrè, nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣì ń rò pé ọmọ-ogun kan lásán ni wọ́n fi ju òun lọ.

Ṣùgbọ́n òfin mìíràn tún ń fa ọwọ́ ẹni tó fẹ́ juwọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí wọn ò bá halẹ̀ mọ́ ọba, àmọ́ tí ẹni tó kàn láti ta kò ní ibì kankan tó lè gbé ohunkóhun sí ńkọ́? Nínú shatranj, ẹni tí wọ́n há mọ́ bẹ́ẹ̀ ti pàdánù. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tó igba ọdún tó jẹ́ pé ẹni tó há a mọ́ gan-an ló ń pàdánù! Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ọ̀mì ni. Àtìgbà náà ni ẹni tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ti ní ihò kékeré kan tó lè gbà sá lọ.

Larry Evans gba ihò yẹn sá lọ mọ́ Samuel Reshevsky lọ́wọ́ nínú ìdíje ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1963 sí 1964. Ẹlòmíì ì bá ti juwọ́ sílẹ̀. Evans ti ọba rẹ̀ wọ kọ̀rọ̀ h1 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ojúlé kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), níbi tí kò ti ní lè mira mọ́, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ náà sì há. Ó wá gbé ayaba rẹ̀ sí g8 fún ọba alátakò láti jẹ. Ọba jẹ ẹ́. Ló bá tún fi rúùkù, èyí tó ń rìn tààrà, jẹ ọmọ-ogun tó wà ní g7, ó sì halẹ̀ mọ́ ọba. Bí ọba bá jẹ rúùkù yẹn, Evans kò ní ohun tó lè gbé mọ́, ọ̀mì nìyẹn. Bí kò bá jẹ ẹ́, rúùkù á máa lé e kiri títí. Ọ̀mì náà ni wọ́n sì gbà.

Aago náà ní tirẹ̀, torí ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tán máa ń pàdánù. Kò sí aago níbi ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ ní London ní 1851, àwọn kan sì lè fi ìjókòó pa alátakò wọn. Ní 1861, Anderssen àti Kolisch lo aago oníyanrìn. Nígbà tó di 1883, aago onírin ti dé sí ìdíje London. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó fún ẹni tí kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà ní ọ̀nà mìíràn. Ní Hastings ní 1895, Steinitz ń ti rúùkù rẹ̀ bọ ẹnu ọba àti ayaba von Bardeleben, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí èyí tó ṣeé jẹ láìkú. Von Bardeleben dìde, ó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, kò sì padà wá mọ́. Aago rẹ̀ ló bá a juwọ́ sílẹ̀. Steinitz wá fi bí eré náà ì bá ṣe parí han àwọn tó ń wòran.

Lẹ́yìn náà ni àsìkò ìdádúró dé: bí eré bá pẹ́ jù, ẹnì kan á kọ ìgbésẹ̀ tó kàn sínú àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, ó dọ̀la. Òru ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń juwọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú eré náà palẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Lẹ́tà èdè Faransé ni Capablanca fi gbà fún Alekhine ní Buenos Aires ní 1927, tí oyè olúborí àgbáyé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Reykjavik ní 1972, orí fóònù ni Spassky ti sọ pé òun ò ní bá eré kọkànlélógún lọ mọ́, Fischer sì di olúborí àgbáyé.

Ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ láìtọ́jọ́ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní Monte Carlo ní 1902, Georg Marco rí i pé bíṣọ́ọ̀bù òun (èyí tó ń gba igun rìn) tó wà ní d4 ti bọ́ sínú ìhámọ́, ó sì gbà fún von Popiel. Bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù yẹn ì bá kàn lọ sí g1, kó máa halẹ̀ ikú ọba ní h2, Marco ì bá sì borí! Kì í ṣe pé ó ń pàdánù, ṣe ló jáwọ́ nínú wíwò. Ní 1997 ní New York, Kasparov gbà fún kọ̀ǹpútà Deep Blue nínú eré kejì. Kò pẹ́ tí àwọn atúpalẹ̀ fi ń tọ́ka sí ìgbésẹ̀ ayaba sí e3, pé ó ṣeé ṣe kó fi rí ọ̀mì. Kasparov ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà kò lè ṣèèṣì fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà náà ló fòpin sí ìdádúró láàárín ọdún 1990 sí 1999, torí ẹ̀rọ á ti tú eré palẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago tí Fischer gba ìwé àṣẹ rẹ̀, tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá kún àkókò ẹni lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló sì gba ibẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kún un, ẹni tó ń borí kì í fi bẹ́ẹ̀ tán ní àkókò, kò sì bọ́gbọ́n mu kéèyàn máa retí aago láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mọ eré. Níbi tí wọn kì í bá ti fi kún un, tí aago alátakò sì ti ń lọ sópin, èmi ò ní bá ẹni tó ń ta á lọ pẹ̀lú ọba nìkan wí.