Bí Ìtọ́jú Ẹyẹ Loon Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní New Hampshire

Ẹ̀yìn pátápátá, nítòsí ìrù, ni ẹsẹ̀ loon, ẹyẹ omi kan, wà. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ òòkùn í mù, òun náà ni kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀. Nítorí náà, etí omi gan-an ló ń yé sí, ẹyin méjì lọ́pọ̀ ìgbà. Bí omi bá kún lójijì, ó gbé ẹyin lọ. Bó bá sì fà, ẹyẹ á máa wọ́ kó tó dé ìdí ìtẹ́.

Wàhálà yìí pọ̀ ní àwọn adágún New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, nítorí ìsédò ń mú omi lọ sókè sódò, ilé àti ọkọ̀ ojú omi sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí loon wá ń dín kù, Rawson Wood dá ìgbìmọ̀ Loon Preservation Committee sílẹ̀ ní 1975.

Kíkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: loon mélòó ló wà, mélòó ló yé, ọmọ mélòó ló yè? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà wà, torí wọn ò dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ìgbà náà. Wọ́n tún so gẹdú kédárì pọ̀, wọ́n da koríko lé e, wọ́n fi ìdákọ̀ró dè é sójú omi, kó di ìtẹ́ tó ń léfòó. Bí omi bá gòkè, ìtẹ́ á gòkè. Bó bá lọ sílẹ̀, á bá a lọ. Loon gorí rẹ̀, wọ́n sì yé.

Ohun tó dùn mí jù ni ti òjé. Bí adìyẹ ṣe ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè lọ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni loon ń ṣe. Àwọn dókítà ẹranko ní Yunifásítì Tufts la òkú loon, wọ́n sì bá òjé tí apẹja ń so mọ́ okùn ìwọ̀ láàárín òkúta wẹ́wẹ́ náà. Ẹyọ kan péré tó láti pa ẹyẹ náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nínú àgbà loon tí wọ́n rí òkú wọn ní ìpínlẹ̀ náà, òjé ló pa jù.

Àwọn àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n kó lọ bá àwọn aṣòfin. Ní 2000, New Hampshire di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fòfin de irú òjé bẹ́ẹ̀. Ní 2016, òfin dé orí títà rẹ̀ pẹ̀lú.

Tọkọtaya loon ibẹ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún, ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Keje, àwọn ará àdúgbò ṣì ń jáde sétí omi láago mẹ́jọ, wọ́n á máa kà wọ́n.