Omi òjò tí a dá dúró fún ìgbà díẹ̀: ewu rẹ̀ àti bí a ṣe ń kápá rẹ̀

Bí òjò ńlá bá rọ̀ sí ìgboro, kọnkéré àti ọ̀dà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mu ún. Gbogbo omi náà á ya lu gọ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gọ́tà ò sì ní gbà á. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi máa ń gbẹ́ kòtò pẹrẹsẹ, kí omi lè dúró níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kó sì rọra jò lọ. Ní Rotterdam ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, wọ́n ṣí gbàgede Benthemplein ní ọdún 2013: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi eré ìdárayá ni, bí òjò bá pọ̀, ó di adágún.

Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí gan-an, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló ṣíwájú: ìgbà wo ni omi náà máa gbẹ? Ẹ̀fọn a máa yé sínú omi tó dákẹ́, níbi tí ooru bá sì wà, nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìlànà fi ní kí omi gbẹ tán láàárín wákàtí 72, ó pẹ́ tán. Ilẹ̀ iyanrìn á tètè fa omi, ilẹ̀ amọ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ wo iye wákàtí tó fi fà. Síbẹ̀, ibi tó ń fà dáadáa lónìí, ẹrẹ̀ àti ewé lè dí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ìtọ́jú yìí gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: owó wà láti gbẹ́ ẹ, kò sí owó láti kó ìdọ̀tí rẹ̀.

Ní ti jíjìn, ọmọ kékeré lè kú sínú omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ̀bá kòtò gbọ́dọ̀ rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lè rìn jáde. Ẹnu páìpù tí omi ń gbà lọ ló burú jù, torí ó ń fa ènìyàn mọ́ra. Irin asẹ́ tí wọ́n gbé lé ẹnu rẹ̀ gan-an lè mú ẹni náà mọ́lẹ̀. Kí wọ́n gbé e jìnnà díẹ̀ sí ẹnu páìpù, kó dà sẹ́yìn, kí ènìyàn lè fi gun òkè.

Òjò tó ju ìṣirò lọ náà yóò dé lọ́jọ́ kan, nítorí náà kí ọ̀nà wà tí àkúnya máa gbà láì kọjá sínú ilé ènìyàn. Omi tó ti wọ pópó, ẹ má wọ inú rẹ̀: ìtọ̀ eku tó wà nínú rẹ̀ lè fa àrùn leptospirosis, bí wáyà iná bá sì já sínú rẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn títí wọ́n á fi pa iná láti orísun.