Ibi Tí Owó Oṣù Akọ́dà Ti ń Wá Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn kan ṣì ń sọ pé òyìnbó ló ń sanwó oṣù fún akọ́dà, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, láyé àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ará abúlé tí akọ́dà ń lé kiri gan-an ló ń bọ́ ọ.

Nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe, kí ó tó di 1914, owó ibodè ló ń gbé ìjọba ró. Ní January 1918 ni owó orí dé, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń san án, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Baálẹ̀ á gbà á jọ ní àrọko, akọ̀wé á já rìsíìtì, owó á balẹ̀ sínú àpò ìjọba ìbílẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ìjọba òyìnbó á mú tiwọn níbẹ̀. Ìyókù ni ti akọ́dà, akọ̀wé, adájọ́ àtàwọn olóyè. Owó ìtanràn kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ náà ń wọnú àpò yìí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Akọ́dà dúró lójú ọ̀nà oko: rìsíìtì dà? Ẹni tí kò rí i mú jáde di ẹni kọ́ọ̀tù. Á san owó orí, á tún san ìtanràn, àpò kan náà ni méjèèjì ń já sí, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ owó akọ́dà.

Bí alájọ ni akọ́dà rí: bí kò bá rìn, kò ní jẹ. Àmọ́ alájọ tó ń jẹ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, oníbàárà ló gbà á láyè, ó sì lè já a sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ta ló lè já akọ́dà sílẹ̀? Olè tí akọ́dà bá mú nínú oko ẹ̀gẹ́ kò mú nǹkan gidi wọ àpò ìjọba. Ẹni tó ń sá fún owó orí ló ń mú un wọlé. Ìṣọ́ òru wá di ti ọdẹ, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń dáwó fún. Ètò yẹn gbọ́n ju ti ìjọba lọ, nítorí bí ọdẹ bá sùn, ẹni tó ń sanwó fún un ló kọ́kọ́ mọ̀.

Owó orí kò tíì pé ọdún kan tí ogun Adùbí, ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá dì sí ìjọba, fi bẹ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, agbára akọ́dà kò ká a, àfìgbà tí ṣọ́jà dé. Ní 1947, àwọn obìnrin tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú tún dìde sí owó orí yìí kan náà.

Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n fa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ wọnú ti ìjọba àpapọ̀, owó oṣù wọn sì kúrò lọ́rùn ìbílẹ̀. Owó ọdẹ ni wọn ò bá abúlé gbé kúrò.