Auxiliary Kọ́ Ni Practical Nurse

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ẹ bá ti dárúkọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, láti Mọ́kọ́lá dé Ìwó Róòdù, ẹnì kan á ní auxiliary tiwa náà ni practical nurse tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ti fi ọdún kan gún abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn aládàáni, kó sáà máa wá físà.

Pé auxiliary kì í ṣe nọ́ọ̀sì lójú òfin Nàìjíríà, mi ò ní í tún máa rojọ́ ìyẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ Nursing and Midwifery Council kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ì báà dé fìlà funfun kó tún fi aago kọ́ àyà.

Ọdún kan yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Lóòótọ́, ẹ̀kọ́ LPN (licensed practical nurse, ìyẹn practical nurse tó ní láísẹ́ǹsì) l'Amẹ́ríkà kì í sábà ju bí ọdún kan lọ (LVN ni wọ́n ń pè é ní Texas àti California). Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ́n á sì yege nínú ìdánwò NCLEX-PN kí wọ́n tó rí láísẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá ṣe báṣubàṣu, wọ́n lè gba láísẹ́ǹsì náà padà. Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ auxiliary? Aṣọ funfun tó fowó ara rẹ̀ rán?

Ohun tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ rèé: LPN kì í dá dúró. Ká ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹnì kan dé wọ́ọ̀dù, tórí ń fọ́ ọ, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. LPN lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó wo bó ṣe ń mí, kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. RN (registered nurse, nọ́ọ̀sì tí ipò rẹ̀ ju ti LPN lọ) ló máa yẹ̀ ẹ́ wò délẹ̀, tó máa pinnu ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ mójú tó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn oògùn kan wà tí LPN ò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ tì sínú iṣan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn tó ń sùn sí ọsibítù wá ń jẹ́ àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá ní RN làwọn ń fẹ́, LPN sì kó lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Lẹ́yìn Kòrónà tí nọ́ọ̀sì wọ́n, àwọn ọsibítù kan tún ń pè wọ́n padà, àmọ́ wọ́n ń so wọ́n pọ̀ mọ́ RN ni. Ìlú Ọba náà ti ní irú ipò bẹ́ẹ̀, tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an: enrolled nurse ni wọ́n ń pè é láti 1943, wọ́n pa á tì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ irú rẹ̀ míì, nursing associate, sílẹ̀ ní 2019.

Ta ló wà lẹ́yìn auxiliary tiwa lóru? Nígbà míì, fóònù dókítà ni, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà.

Mi ò sọ pé kò sí èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn o. Ọwọ́ àwọn mìíràn fúyẹ́ nídìí abẹ́rẹ́ ju ti ẹni tó gboyè lọ. Bí a bá sì ní ká wá ẹni tó sún mọ́ LPN nílé, bóyá CHEW (community health extension worker) tí wọ́n ń kọ́ l'Ẹ́lẹ́yẹlé ni. Òun náà ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ìlera àdúgbò ni wọ́n dìídì kọ́ ọ fún.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà lórí ìkànnì Council. Bí wọ́n bá ní orúkọ àwọn ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ní kówó náà máa bọ̀ lọ́nà.