Ìpàdé ẹbí kì í dá ọdún méjì dúró

Bí bàlúù bá já, tí èèyàn yín wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé fáìlì wá bá mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ ní "lọ́yà, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i." Kò sí nǹkan tí mo lè ṣe sí i. Ó ti sú mi í wí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí.

Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ èrò ọkọ̀ òfurufú, tí Nàìjíríà sọ di òfin ilé ní 2006, fún yín ní ọdún méjì péré láti pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lẹ́jọ́. Ọjọ́ tó yẹ kí bàlúù náà gúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú, kì í ṣe ọjọ́ fídàú. Tó bá ti kọjá, ẹ̀tọ́ náà ti kú. Àwọn ẹjọ́ kan wà tí adájọ́ lè ṣàánú ẹni tó pẹ́ dé. Èyí kò sí lára wọn.

Ẹ ó ní èsì ìwádìí NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàǹbá bàlúù, lẹ̀ ń dúró dè. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́ ni wọ́n ṣe ń wádìí, kì í ṣe kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fún èrò tó wọ bàlúù láàárín Nàìjíríà, títí dé 100,000 dọ́là, ẹ ò ní í fi hàn pé ẹnikẹ́ni jáfara. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni wọ́n lè bá yín jiyàn lé. Òfin tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ san 30,000 dọ́là, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ 30, kí ìdílé fi gbọ́ bùkátà. Ẹ gbà á. Kò pa ẹjọ́ yín. Ìwé tí aṣojú ilé iṣẹ́ adójútòfò bá fẹ̀rín gbé wá pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ sá fún, ó dìgbà tí lọ́yà bá kà á. "Ọ̀rọ̀ yín ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá" tí wọ́n sì ń wí, kò dá ọjọ́ dúró.

(Ẹni tí bàlúù wó lé mọ́lé, bíi ti Ìjú-Ìṣàgá ní 2012, kì í ṣe èrò. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.)

Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ bàlúù. Ẹ lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó. Ọkùnrin tó ń kọ áfídáfíìtì lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tó ní òun mọ rẹ́jísírà, kì í ṣe lọ́yà. Èmi lọ sílé ẹ̀kọ́ òfin.

Ìdílé kan wá láti Rẹ́mọ. Ọmọ wọn kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi jà bóyá ìdí-igi (iye ìyàwó) ni wọn ó fi pín in tàbí orí-ò-jorí (iye ọmọ), owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì fojú rí! Ìgbà tíyẹn rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n olóògbé gba ilé baba kan lọ, ó fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é nínú ẹbí. Baba ní ìyàwó kékeré ni. Bàlúù odindi, tòun ti awakọ̀ àti gbogbo èrò inú rẹ̀, nítorí ìyàwó kékeré! Wọ́n ra ewúrẹ́, wọ́n ra aṣọ funfun, wọ́n ṣètùtù. Ìgbà tí wọ́n máa fi dọ́dọ̀ mi, ọjọ́ mọ́kànlá ti lé lórí ọdún méjì.

Ẹ̀gbọ́n wá bi mí bóyá òun lè pe baba yẹn lẹ́jọ́, kó dá owó ètùtù padà. Mo ní ìyẹn ò tiẹ̀ ní í dé Abẹ́òkúta, májísíréètì Ṣàgámù lè gbọ́ ọ.