Ẹ pe shutdown, ẹ wá rò pé thread ti kú?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi báyìí. Àwọn tó ń fi Java kọ prógíráàmù á ní prógíráàmù àwọn kọ̀ láti kú, àwọn ti pa á, ó ṣì ń jẹ mẹ́mọ́rì, ẹ bá wa wò ó o. Tẹ́ ẹ bá wá wo kódù, ẹ máa rí i pé ẹnì kan pe shutdown tàbí interrupt (àwọn àṣẹ tí wọ́n fi ń ní kí iṣẹ́ dúró), ó gbà pé thread (okùn iṣẹ́ kan tó ń lọ nínú prógíráàmù) ti kú nìyẹn, ló bá kọjá lọ. Ẹ bi í, á ní ṣebí òun ti dá a dúró.

Kò dá a dúró. Ó ní kó dúró ni.

Service tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lórí thread kan ṣoṣo, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí, iṣẹ́ ń tò sórí ìlà, thread ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Java, newSingleThreadExecutor ló ń bá wa ṣe é láti ìgbà Java 5, ọdún 2004. Tẹ́ ẹ bá pe shutdown, kò ní gba iṣẹ́ tuntun mọ́, àmọ́ èyí tó ti wà lórí ìlà, á ṣe é tán, kódà kó gba wákàtí mélòó kan. shutdownNow ló máa kó àwọn tó kù lórí ìlà padà fún yín, á sì interrupt èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Kò sí èyí tó ń dúró kí iṣẹ́ parí nínú àwọn méjèèjì, awaitTermination ló ń ṣe ìyẹn, òun gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn kì í pè.

Interrupt yẹn gan-an ni wàhálà. Kò pa nǹkan kan. Bíi kéèyàn kan ilẹ̀kùn ni, ẹni tó wà nínú ilé ló máa dìde fúnra ẹ̀ wá ṣí i. Ó kàn ń gbé àmì kan sókè lára thread pé wọ́n ń pè ẹ́ o. Tí thread bá ń ṣe ìṣirò lọ tí kò wo àmì yẹn, á máa ṣe ìṣirò ẹ̀ lọ. Tó bá ń sùn nínú sleep, tàbí tó ń retí iṣẹ́ nínú take, á jí, á ju InterruptedException, ìyẹn ìkìlọ̀ pé wọ́n ti pè é. Ohun tí wọn ò mọ̀ rèé: bó ṣe ń ju exception yẹn náà ló ń pa àmì yẹn rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà.

Ẹ wá wo irú kódù tí mò ń bá pàdé. Wọ́n á kọ while (loop, kódù tó ń yí lọ yí bọ̀), pé tí isInterrupted bá ṣì jẹ́ false kó máa yí, wọ́n á fi try sínú ẹ̀, wọ́n á fi catch mú InterruptedException, inú catch yẹn á ṣófo, tàbí kí wọ́n kàn kọ ọ̀rọ̀ kan sí log (àkọsílẹ̀ prógíráàmù), wọ́n ti ṣe tán nìyẹn. Ó dáa. Wọ́n pe shutdownNow, thread jí, exception jáde, àmì pa rẹ́, catch gbé exception mì, while wo àmì, kò rí nǹkan kan, ló bá padà sínú take, ó tún jókòó. Ta ló máa wá pè é lẹ́ẹ̀kejì? Kò sẹ́nì kankan. Èyí tó tún burú jù ni catch Exception tó ń mú gbogbo nǹkan, torí ẹni tó kọ ọ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbé interrupt mì. Àtúnṣe ẹ̀ ò le rárá, ẹ jáde nínú loop, tàbí kẹ́ ẹ pe Thread.currentThread().interrupt() nínú catch kí àmì náà lè padà. Ẹ má sì lọ fi Thread.interrupted rọ́pò isInterrupted kẹ́ ẹ ní ọ̀kan náà ni wọ́n, torí ìyẹn ń pa àmì rẹ́ bó ṣe ń wò ó. Read lórí socket java.io (ìdúró de dátà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ńkọ́? Lórí thread lásán tí kì í ṣe virtual (irú fífúyẹ́ tí Java fúnra ẹ̀ ń darí), interrupt ò kàn án, àfi kí thread míì ti socket yẹn pa.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kúkú fi tipátipá pa á, ṣebí Thread.stop wà. Ó wà nínú Java àtijọ́ lóòótọ́. Láti Java 1.2 lọ́dún 1998 ni wọ́n ti ní ká má lò ó mọ́, torí ńṣe ló ń já gbogbo lock (àgádágodo tí ò jẹ́ kí thread méjì fọwọ́ kan dátà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà) tí thread dì mú sílẹ̀ lójijì, dátà á wà ní ìlàjì, thread míì á wá kà á bẹ́ẹ̀. Ní Java 20, tẹ́ ẹ bá pè é, UnsupportedOperationException lẹ máa rí gbà. Àwọn míì á ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di daemon, ìyẹn thread tí prógíráàmù kì í dúró dè kó tó parí. JVM, ẹ̀rọ tó ń mú kódù Java ṣiṣẹ́, kàn ń fi daemon sílẹ̀ lọ ni, finally (kódù ìpalẹ̀mọ́) lè má ṣiṣẹ́, fáìlì tó ń kọ lè dúró sí àárín, ó dáa fún iṣẹ́ tẹ́ ò bìkítà fún.

Mi ò ní shutdownNow ò wúlò o. Tí iṣẹ́ inú ẹ̀ bá kúrú, tó sì ń gbọ́ interrupt, á kú lójú ẹsẹ̀, bóyá ìyẹn ni ìgbàgbọ́ yìí ò ṣe lọ, torí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́. Ó lè má dà yín láàmú rárá, títí service á fi dé inú Docker (ohun tí wọ́n ń di prógíráàmù sínú ẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ níbikíbi), tí docker stop á fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, Kubernetes, tó ń darí irú ẹ̀ lọ́pọ̀, á fún un ní 30 tẹ́ ò bá yí i, lẹ́yìn ẹ̀, SIGKILL, àṣẹ tó ń pa á lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún close tó wọ ExecutorService (irú ohun tí newSingleThreadExecutor ń fún yín) ní Java 19. Shutdown ló ń pè, kì í ṣe shutdownNow, nítorí náà loop tí kò lópin ò ní rí interrupt kankan, ẹ̀yin náà á sì jókòó dè é. awaitTermination ní tiẹ̀ ń dá true tàbí false padà, ẹ kà á jàre. Tó bá jẹ́ false, ẹ kọ ọ́ sí log pẹ̀lú orúkọ tẹ́ ẹ fúnra yín fún thread, torí orúkọ tí Java ń fún un fúnra ẹ̀, bíi pool-7-thread-1, ò sọ fẹ́nikẹ́ni ibi tó ti wá.